Bàbá mi fẹ̀yìntì wá sí Ìperu, ara wọn wá ń tètè gbó. Kí la máa kọ́kọ́ mú?

Ọmọ Ìperu (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ló gbé mi dé ibí. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n. Iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ṣe l'Ékòó, wọ́n fẹ̀yìntì, wọ́n sì kó wá sínú ilé tí wọ́n kọ́ sí Ìperu. Nígbà tí wọ́n wà l'Ékòó, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sáré lé bọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì. Ní báyìí, láti orí bẹ́ẹ̀dì dé orí àga pálọ̀, ó tán. Bí wọ́n bá fẹ́ dìde, wọ́n á kọ́kọ́ di apá àga mú, wọ́n á mi ara wọn síwá sẹ́yìn kí wọ́n tó lè nàró. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí a ń kọ́ ilé yẹn, àwọn fúnra wọn ń bá bíríkìlà gbé sìmẹ́ńtì.

Ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, 156/94 ni a bá a nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò. Dókítà kọ oògùn fún wọn, wọ́n lo páálí kan tán, wọ́n ní ara àwọn ti yá, wọn ò ra òmíràn mọ́. Orúnkún ń dùn wọ́n, nítorí náà oògùn ìrora ni wọ́n fi ń ṣínu láràárọ̀, èyí tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri. Ẹ̀bà aago mẹ́sàn-án alẹ́, obì lẹ́yìn ẹ̀bà, tẹlifíṣọ̀n títí di ọ̀gànjọ́.

Bí mo bá sọ̀rọ̀, èsì kan náà ni: "Bàbá tó bí mi lọ́mọ pé 97 kó tó kú, kò sì mọ ọ̀nà ọsibítù." Mi ò bá wọn jiyàn pé wọ́n á pẹ́ láyé, àdúrà mi nìyẹn. Irú ọdún tí wọ́n á fi pẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ dákun, ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀? A ò lè yí ìgbésí ayé àgbàlagbà padà lóòjọ́. Àwọn tó ti tọ́jú òbí rí ni mo fẹ́ gbọ́rọ̀ lẹ́nu wọn jù.

Ọmọ Alárè (Àgọ́-Ìwòyè)

Àbúrò, ẹ fi bàbá sílẹ̀ kí wọ́n jẹun ogbó wọn. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀mí gígùn wà. Ìyá tó bí ìyá mi, iyọ̀ àti epo lásán ni wọ́n fi ń jẹ iṣu sísun, wọ́n sì rí ọmọ-ọmọ-ọmọ. Ẹ wo Màmá H.I.D. Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́: 1915 ni wọ́n bí wọn, 2015 ni wọ́n papò dà, ó ku oṣù díẹ̀ kí wọ́n pé 100. Ohun tí Elédùmarè bá kọ mọ́ni náà ló ń ṣẹ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Ṣágámù)

Ọmọ Alárè, mo gbọ́ yín. Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ àjogúnbá yìí wádìí lára àwọn ìbejì ní Dẹ́ńmáàkì, àwọn tí wọ́n bí láàárín 1870 sí 1900. Nínú ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó pẹ́ láyé àti ẹni tí kò pẹ́, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni wọ́n rí pé ó tọ̀dọ̀ òbí wá. Ìyókù wà lọ́wọ́ bí a ṣe ń gbé àti ohun tó ṣèèṣì bá wa pàdé. Àti pé àgbà tó pé 97 là ń rántí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣubú lulẹ̀ nínú oko ní 55, tí àwọn ènìyàn ní ayé ló ṣe wọ́n, ta ló ń dárúkọ wọn mọ́? Ní ti Màmá Ìkẹ́nnẹ́, ẹ má gbàgbé pé oníṣòwò aṣọ tó ń sa gbogbo ipá rẹ̀ ni wọ́n, kì í ṣe ẹni tó jókòó sójú kan.

Ọmọ Ìperu, ohun tí ẹ ń bẹ̀rù yẹn, wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Àjọ Ìlera Àgbáyé máa ń ka nǹkan méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: iye ọdún tí ènìyàn máa lò láyé, àti iye tó kù bí a bá yọ ti àìsàn àti àbùkù ara kúrò níbẹ̀. Ní 2021, èkíní jẹ́ 71.4 káàkiri àgbáyé, èkejì jẹ́ 61.9. Ó lé ní ọdún mẹ́sàn-án tó dàbí ẹni pé wọ́n bù kúrò lára ìlera. Ibẹ̀ ni ìjà wa wà, kì í ṣe ọjọ́ ikú nìkan.

Bó bá jẹ́ bàbá mi ni, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo máa kọ́kọ́ mú. 140/90 ni ààlà, 156/94 sì ti ré e kọjá. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni, kì í ta ni, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ, ojú, ọkàn àti kíndìnrín jẹ́. Oògùn ló mú un wálẹ̀ tí wọ́n fi ní ara ti yá. Bí wọ́n bá dá oògùn dúró, á tún gòkè padà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni oògùn ìrora aláràárọ̀ yẹn. Ká sòótọ́, òun ló bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Bó bá jẹ́ ibuprofen tàbí diclofenac, òun gan-an ń ti ẹ̀jẹ̀ sókè, ó ń dá ọgbẹ́ sínú ikùn, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tó tún ń gbé e mì lójoojúmọ́ láìsí dókítà nídìí rẹ̀! Ẹ kó páálí rẹ̀ dání lọ fún dókítà, kí wọ́n wá nǹkan mìíràn fún orúnkún náà. Iyọ̀, ìrìn àti oorun á tẹ̀lé e.

Ìyá Gààrí (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ń bọ̀ wá dẹ́bi fún gààrí, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ tèmi. Ẹ̀bà ni àwọn bàbá wa jẹ. Ìdájí ni wọ́n ń jẹ ẹ́, wọ́n á gbé àdá, ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó dé. Gbogbo ẹ̀bà yẹn ni oko ń gbà lára wọn. Bàbá ẹ̀yin ń jẹ òkèlè kan náà ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, wọ́n sì sùn lé e lórí. Òkèlè kò yí padà, iṣẹ́ ló lọ. Ẹ gbé ẹ̀bà wá sí ọ̀sán, ẹ dín in kù, ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀ jù ú lọ nínú àwo. Èyí tí wọ́n ń rọ ṣúgà sí tí wọ́n ń mu lọ́sàn-án, ẹ̀pà àti ẹja ni kẹ́ ẹ fi sí i, kì í ṣe ṣúgà. Ẹni tó bá ti ní ìtọ̀ ṣúgà, kó bi dókítà rẹ̀ nípa ìwọ̀n, mi ò ní tìtorí ọjà mi purọ́ fún un.

Ohun kan tún wà tí mi ò tíì rí kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu bà: èéfín. Àwa tí à ń yan gààrí mọ̀ ọ́n. Mo mọ àwọn ìyá tí wọn ò fa sìgá rí láyé wọn, síbẹ̀ wọn ò lè sọ gbólóhùn kan tán kí wọ́n má wúkọ́, ojú wọn á sì máa ṣomi. Ìdí agbada ni wọ́n ti lò ó, nínú àhéré tí kò ní fèrèsé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní èéfín inú ilé pa mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ní 2020. Ní tiwa, a wó ògiri kan lára ilé ìyan-gààrí, a yí ẹnu ààrò sí ìta, ẹni tó ń yan án jókòó sí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń wá. Bí wọ́n bá ṣì ń dá igi nínú ilé bàbá yín, ẹ wò ó.

Ìrìn Kánkán (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé eré ìdárayá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lójú tèmi, ìrìn ló yẹ kó ṣáájú. Ìṣísẹ̀ 10,000 lójúmọ́, bí kò bá pé bẹ́ẹ̀, kò tíì ṣiṣẹ́. Ẹ ra aago tó ń ka ìṣísẹ̀ fún bàbá. Ẹ yọ òkèlè kúrò pátápátá. Ní ti iyọ̀, ẹ fi mágì rọ́pò rẹ̀, ọbẹ̀ á ṣì dùn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Ṣágámù)

Rárá o, ọmọ mi. Iyọ̀ ló kún inú mágì. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí kò tó gíráàmù 5 iyọ̀ lójúmọ́, nǹkan bí ṣíbí tíì kan, a sì ti ka ti mágì, búrẹ́dì, ẹja oníyọ̀ àti ìndómì mọ́ ọn. Ẹni tó yọ iyọ̀ tó wá ju mágì mẹ́ta sínú ìkòkò kò yọ nǹkan kan.

Ìṣísẹ̀ 10,000 yẹn, ìpolówó ọjà ló ti wá. Jàpáàn ni wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka ìṣísẹ̀ ní 1965, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni òǹkà ẹgbàárùn-ún ìṣísẹ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí wá wò ó láìpẹ́ yìí, àǹfààní rẹ̀ fún ẹni tó lé ní 60 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé góńgó láàárín 6,000 sí 8,000. Ẹni tó ń rin 2,000 tó bá wá ń rin 4,000, èrè ńlá ni. Ẹ má fi òǹkà dẹ́rù ba àgbàlagbà.

Ìyá Gààrí (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Irú ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò rẹ̀, irú wooro tí wọn ò fi iyọ̀ sí. Ẹ wo ìkọ́kọrẹ́ tí ẹ bá fi ẹja gbígbẹ, irú àti ata tó pọ̀ díẹ̀ sè. Ẹnu bàbá kò ní mọ̀ pé ẹ ti dín iyọ̀ kù. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa dín in, ẹ má ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu á gbà á.

Ìrìn Kánkán (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ ṣé, Mà. Ní ti okun ẹsẹ̀ ni mi ò ní yẹ̀ o. Ìrìn nìkan kò lè mú bàbá dìde lórí àga. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, iṣan ara ń jò dànù, ti itan ló sì ṣe kókó jù. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti 2020 kò dúró lórí ìrìn ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ nìkan. Ó ní kí àgbàlagbà ṣe ohun tó ń mú iṣan le ní ọjọ́ méjì ó kéré tán, kí ẹni tó bá ti lé ní 65 sì ṣe ti ìdúróṣinṣin ara ní ọjọ́ mẹ́ta.

Bí ẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ wá àga tó ga díẹ̀, tó lẹ́yìn, ẹ fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Kí bàbá sún síwájú lórí rẹ̀, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ dáadáa, kí wọ́n tẹ̀ síwájú títí imú á fi gba orí orúnkún kọjá, kí wọ́n wá dìde. Bí wọ́n bá nílò ọwọ́, kí wọ́n lò ó lákọ̀ọ́kọ́. Jíjókòó padà ni kẹ́ ẹ ṣọ́ jù: kí wọ́n má kàn já bọ́ sórí àga, kí wọ́n rọra sọ ìdí kalẹ̀. Kí wọ́n ṣe é tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún ṣe é. Bó bá ti rọrùn, ẹ lo àga tó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà kí wọ́n di tábìlì mú, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ kan dúró. Àgbàlagbà tó bá ṣubú tí egungun ìbàdí dá, ọ̀pọ̀ wọn kì í padà sí bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ọmọ Rẹ́mọ Lóyìnbó (Lọ́ńdọ́ọ̀nù)

Mo fẹ́ fi ìwádìí kan kún un. Ní 2020, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn Gẹ̀ẹ́sì, BMJ, gbé èyí tí wọ́n ṣe l'Ámẹ́ríkà jáde. Àṣà márùn-ún ni wọ́n wò: kéèyàn má fa sìgá rí, kó má sanra jù, kó máa lo ara fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́ ó kéré tán, kó má mutí jù, kó máa jẹ oúnjẹ tó dára. Obìnrin ẹni 50 ọdún tí kò ní ìkankan nínú wọn ṣì ní nǹkan bí ọdún 24 níwájú láìsí ìtọ̀ ṣúgà, àrùn ọkàn tàbí jẹjẹrẹ. Èyí tó ní mẹ́rin tàbí márààrún ní ọdún 34. Ti ọkùnrin kúrò ní 24, ó di 31.

Ẹ ò rí i pé ọdún ìlera ni wọ́n kà. Nítorí náà, bí bàbá bá ń fa sìgá, ẹ tètè mú un kúrò ńlẹ̀. Àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tọpinpin láti 1951 fún àádọ́ta ọdún, àwọn tó jáwọ́ ní 60 pàápàá jèrè nǹkan bí ọdún mẹ́ta.

Olùkọ́ (Òde Rẹ́mọ)

Ìṣirò náà dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo àwọn tí wọ́n fi ṣe é. Nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera Amẹ́ríkà ni wọ́n, aláwọ̀ funfun ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n níṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n mọ dókítà, omi ẹ̀rọ wọn mọ́. Ọ̀nà tí ìwádìí náà tọ́ka sí dára, mo gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ mi ò ní mú 34 yẹn ka iye ọdún fún ìyá olóko ní Ìṣarà.

Tiwa náà wà. Ní 1992, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun ló ṣáájú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í tọpinpin àwọn àgbà tó lé ní 65 ní Ìdíkàn, àdúgbò kan ní Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis l'Ámẹ́ríkà. Èsì tó jáde ní 2001 ni pé àrùn ìgbàgbé Alzheimer ń mú ìdá 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún nínú àwọn ará Ìbàdàn, ó sì ń mú 2.52 nínú ti Indianapolis. Ìran wọn tan mọ́ra, ìgbésí ayé ló yàtọ̀. Ọmọ Alárè, ẹ ro èyí wò.

Bí ẹ bá sì fẹ́ àpẹẹrẹ tó sún mọ́lé, ẹ wo Ìlíṣàn, níbi tí ìjọ Kristẹni tí wọ́n ń pè ní Adventist ní Yunifásítì Babcock sí. Àwọn ọmọ ìjọ yẹn ní California kì í fa sìgá, wọn kì í mutí, púpọ̀ nínú wọn kì í jẹ ẹran. Ìwádìí 2001 rí i pé ọkùnrin wọn ń lo ọdún 7.3 ju àwọn aláwọ̀ funfun yòókù níbẹ̀ lọ, obìnrin wọn 4.4. Ohun tí mo ń fà yọ ni pé ìjọ lódindi ló ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó ń dá nìkan jẹ ẹ̀fọ́ nígbà tí àwọn tó kù ń jẹ pọ̀nmọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Ṣágámù)

Olùkọ́, ọ̀rọ̀ Ìdíkàn yẹn dára, ṣùgbọ́n wọn ò rí oúnjẹ kan pàtó tó fà á. Kí ẹnìkan má lọ máa ta "ẹ̀fọ́ Ìdíkàn" fún wa lọ́la.

Ẹlẹ́wé Ọmọ (Òkè Ajé)

Mo kí gbogbo ilé. Ẹ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ ò dárúkọ ewé. Asofẹ́yẹjẹ wà, ó ń mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n kí kẹ́míìsì tó dé Ìjẹ̀bú. Bí oògùn òyìnbó bá wọ́n bàbá lọ́rùn, kí wọ́n wá ọ̀dọ̀ wa. Kìkì pé kí wọ́n má ra àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri ní gáréèjì. Ọtí lẹ̀ ń mu níbẹ̀, kì í ṣe ewé. Àgbo tó dára, omi la fi ń sè é.

Apoògùn (Ìkẹ́nnẹ́)

Ìyá wa, òótọ́ lẹ sọ pé ó ń mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Inú irú igi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti rí reserpine ní 1952, oògùn tí ọsibítù lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́ gan-an ni mo ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀. A mọ ìwọ̀n oògùn inú hóró kan. Inú ife àgbo, ta ló mọ̀ ọ́n? Bí bàbá bá mu ún mọ́ ti ọsibítù, ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, kí wọ́n dìde lóru lọ tọ̀, kí òòyì kọ́ wọn, kí wọ́n ṣubú. Reserpine tún máa ń mú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wá, ó sì jọ pé bàbá tó ń dá jókòó nídìí tẹlifíṣọ̀n lójoojúmọ́ ti sún mọ́ ọn tẹ́lẹ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá ń mu, kí dókítà mọ̀ ọ́n.

Bó bá jẹ́ owó ló dí oògùn lọ́wọ́, ẹ sọ fún dókítà tàbí apoògùn. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà tí kò wọ́n, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ní ti obì, mi ò ní ní kí ọmọ Rẹ́mọ má jẹ obì. Ṣùgbọ́n kafíìnì wà nínú rẹ̀ bíi ti kọfí, ó ń ti ẹ̀jẹ̀ sókè fún ìgbà díẹ̀, ó sì ń lé oorun. Kí wọ́n jẹ ẹ́ láàárọ̀, kó má kọjá ọ̀sán. Oorun wákàtí méje lóru kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ, ara nílò rẹ̀.

Àbíkẹ́ (Ìṣarà)

Mo ka gbogbo rẹ̀ kí n tó kọ. Ẹ ní ẹni tó ti tọ́jú òbí rí lẹ fẹ́ gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Èmi ni mò ń tọ́jú ìyá mi láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n.

Aláṣọ ni wọ́n, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé. Wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀, nígbà tó yá, ọjọ́ tí orí bá ń fọ́ wọn nìkan ni wọ́n ń lò ó. Lọ́jọ́ Àìkú kan, wọ́n ń wé gèlè níwájú dígí, ọwọ́ ọ̀tún kọ̀, kò gòkè mọ́. Gèlè ṣí sílẹ̀ lé wọn léjìká. Wọ́n fẹ́ pè mí, ohun tó jáde lẹ́nu wọn kì í ṣe orúkọ mi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ rárá. Àwọn ẹbí ní ká fi òróró pa ọwọ́ náà, ká gbàdúrà ná. Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó dé ọsibítù.

Àrà ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ kan nínú ilé wa. Ènìyàn méjì ló ń gbé wọn lọ sí balùwẹ̀. Mo wé aṣọ mọ́ ìdí ṣíbí wọn kó lè nípọn tó èyí tí ìka wọn lè dì mú. Lóru, wákàtí méjì-méjì la ń yí wọn padà kí egbò má bàa jáde ní ìdí wọn. Wọ́n mọ gbogbo ohun tó ń lọ. Bí oníbàárà àtijọ́ bá wá kí wọn, wọ́n á kọjú sí ògiri títí onítọ̀hún á fi lọ. Mo fẹ́ràn ìyá mi, mi ò ní fi wọ́n sílẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ilé ẹlòmíràn ṣe alábàápàdé èyí nítorí páálí oògùn kan.

Bó bá ṣẹlẹ̀ níbikíbi: ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá kan kò ṣe é gbé, ọ̀rọ̀ ń lọ́, ẹ má fún onítọ̀hún lómi, ẹ má fún un lóúnjẹ, ẹ má fi epo pa á. Ẹ wo aago tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì gbéra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní agbègbè wa, ọsibítù yunifásítì wà ní Ṣágámù, ti Babcock wà ní Ìlíṣàn.

Ọmọ Ìperu (Ìjẹ̀bú-Òde)

Àǹtí Àbíkẹ́, Ọlọ́run á fún yín lókun. Mo ka ohun tí ẹ kọ sétí bàbá mi. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá ní kí n bá àwọn ra oògùn náà. Oògùn ìrora ti wà lọ́wọ́ mi, ibuprofen ni lóòótọ́, a máa kó o lọ fún dókítà.

Ìrìn ni wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn bá ń fẹsẹ̀ rìn láàárín ìlú, àwọn ará Ìperu á ní owó ìfẹ̀yìntì ti tán, ọkọ̀ ti bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn wọ́n lọ́kàn, mo rí i lójú wọn. Kí ni mo lè ṣe sí èyí?

Àlàájì (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìtìjú yẹn kì í ṣe kékeré, ọmọ mi, má bínú sí wọn. Ẹni tó ti jẹ́ ọ̀gá l'Ékòó tó wá padà sílé, ojú ìlú ń wò ó. Má pè é ní eré ìdárayá mọ́. Wá ibi tí wọ́n á máa rìn lọ.

Èmi, mọ́ṣáláṣí ni mò ń fẹsẹ̀ rìn lọ, láti Àṣùbáà dé Ìṣáì, kò sì sẹ́ni tó bi mí pé ọkọ̀ mi dà. Ìforíkanlẹ̀ àti ìdìde inú ìrun náà kò jẹ́ kí orúnkún mi gan. Bí bàbá bá jẹ́ oníṣọ́ọ̀ṣì, ìsìn òwúrọ̀ wà. Bí ilẹ̀ bá wà lẹ́yìn ilé, kí wọ́n gbin ewùrà àti ẹ̀fọ́ ṣọkọ. Ebè kíkọ, igi títì mọ́ iṣu, omi bíbù, gbogbo rẹ̀ ni ara ń lò, kò sì sẹ́ni tó ń pe olóko ní òtòṣì nílẹ̀ Rẹ́mọ.

Èyí tó sì dára jù ni kí wọ́n ní ẹgbẹ́. Nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tiwa, ẹgbẹ́ àwa tí ọjọ́ orí wa jọ súnmọ́ra, àwa àgbà kan ń pàdé nídàájí ní pápá ilé ìwé kan, a ń yí i ká, a ń sọ̀rọ̀ ìlú, a ń bi ara wa léèrè oògùn. Ẹni tí kò bá yọjú, a máa ń dé ilé rẹ̀. Bí ọkùnrin mẹ́wàá bá jọ ń rìn, ẹgbẹ́ ló di. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rìn lẹ́bàá màrosẹ̀ Ṣágámù sí Benin o, àwọn awakọ̀ ibẹ̀ kì í wò ènìyàn.

Ọmọ Alárè (Àgọ́-Ìwòyè)

Èmi ò tíì gbà pé kì í ṣe àkọsílẹ̀ Elédùmarè. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ohun tí Àlàájì sọ, pé ọ̀gbẹ́ni yìí ń dá wà. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ọmọ ń wá sílé kìkì láti ka iyọ̀ àti ẹ̀bà fún wọn, wọ́n á máa sá fún yín. Ẹ wá bá wọn jẹun. Ẹ kó ọmọ wá kó wá bá wọn ṣeré. Bàbá tó bá ń retí ẹnìkan lọ́jọ́ Sátidé á wẹ̀, á sì jáde síta.

Olùkọ́ (Òde Rẹ́mọ)

Lórí èyí, mo wà lẹ́yìn Ọmọ Alárè pátápátá. Àti pé àwa ẹgbẹ́ ní iṣẹ́ ṣe. Ní Finland ní 1972, wọ́n mú ẹkùn kan, North Karelia, tí àrùn ọkàn ń pa àwọn ọkùnrin ibẹ̀ láìtọ́jọ́. Wọn ò fi mọ sórí aláìsàn nìkan. Wọ́n bá àwọn ẹgbẹ́ obìnrin, ilé ìwé àti àwọn tó ń ṣe oúnjẹ ṣiṣẹ́, bọ́tà dín kù, iyọ̀ dín kù, sìgá dín kù. Láàárín nǹkan bí ogójì ọdún, ikú àrùn ọkàn láàárín àwọn ọkùnrin tó ṣì lè ṣiṣẹ́ ti fi ohun tó lé ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀. Ní òde wa ní gbogbo Sátidé, ta ló ní kó jẹ́ mínírà olóṣúgà nìkan la máa kó síwájú àwọn àgbà? Ẹgbẹ́ tó ń dá aṣọ lè dá owó ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀jẹ̀.

Ọmọ Ìperu (Ìjẹ̀bú-Òde)

Olùkọ́, ẹ̀rọ ọ̀hún ni mo fẹ́ rà báyìí, èyí tí a lè lò nílé. Ṣé ohun kan wà tó yẹ kí n ṣọ́?

Apoògùn (Ìkẹ́nnẹ́)

Ẹ ra èyí tí wọ́n ń so mọ́ apá òkè, ẹ fi ti ọrùn ọwọ́ sílẹ̀. Ẹ wọn ìpọn apá bàbá kí ẹ tó lọ rà á, nítorí bí aṣọ rẹ̀ bá kéré fún apá tó nípọn, iye tó máa gbé jáde á ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Kí wọ́n má jẹ obì tàbí mu kọfí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Kí wọ́n lọ tọ̀. Kí wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀yìn wọn fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kí wọ́n má gbé ọ̀kan lé èkejì. Apá á wà lórí tábìlì, kó ṣe déédéé pẹ̀lú àyà. Kí ẹnikẹ́ni má bá wọn sọ̀rọ̀, kí tẹlifíṣọ̀n wà ní pípa. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín, láàárọ̀ kí wọ́n tó lo oògùn àti lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, iye tó dùn mọ́ yín àti èyí tí kò dùn mọ́ yín, kí ẹ sì mú ìwé náà dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ rí dókítà.